Ọ̀pá mẹ́ta fún áńténà olórùka: èwo ló dúró gbọin, báwo ló sì ṣe yẹ kó ga tó?

Ẹni tó bá ra áńténà olórùka fún rédíò, èyí táwọn tó ń lò ó ń pè ní lúùpù, ohun tó máa wá tẹ̀ lé e ni ọ̀pá tí yóò gbé e kọ́. Àwọn tó ń ta ọ̀pá sì mọ ohun tí etí ń fẹ́ gbọ́: ó ga tó mítà 6, ó ga tó mítà 10. Gíga ni wọ́n ń tà. Fún òrùka tó fẹ̀ ní mítà 1, tí ẹ kàn fẹ́ fi gbọ́ rédíò, tẹ́ ẹ kò fi ránṣẹ́, gíga ló kéré jù nínú ohun tí owó yín yẹ kó rà. Bí ọ̀pá náà ṣe ń tì, àti bóyá kì í jẹ́ kí òrùka yí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dojú rẹ̀ kọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Oríṣi mẹ́ta la gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pá fáíbà tó ń fà yọ bí ọ̀pá ìpẹja. Èkejì ni ọ̀pá alumíníọ̀mù tí wọ́n ń lọ́ kó lè há, tàbí tí wọ́n ń fi kílípù ọlọ́wọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá alumíníọ̀mù oníhò, tí wọ́n ń fi píìnì gún láti ìhà kan dé ìhà kejì. Òrùka tá a fi ń ṣèdájọ́ wọn ni irú tó wọ́pọ̀: páìpù alumíníọ̀mù mm 25 tí wọ́n tẹ̀ yípo, ańpílífáyà nínú àpótí kékeré nísàlẹ̀ rẹ̀, iná ń gba inú kébù kan náà gòkè lọ bá a.

Ìdí tí digíríì fi ju mítà lọ

Òrùka kì í gbọ́ bákan náà láti gbogbo ìhà. Bí ẹ bá yí i tó fi jẹ́ pé ẹni tó dúró sí ìhà ilé-iṣẹ́ rédíò náà á rí i bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn ibẹ̀ á wọlé dáadáa. Bí ẹ bá yí i tí ihò rẹ̀ fi kọjú síbẹ̀ gbọnrangandan, ohùn náà á rì. Ìhà méjì ló ti ń gbọ́, ìhà méjì ló ti ń dákẹ́, bíi nọ́ńbà 8 tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀.

Ojú ìgbọ́ fẹ̀ gan-an. Ẹ yí òrùka kúrò níbẹ̀ ní digíríì 10, ohun tó sọnù kò tó dB 0.2 (dB ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ohùn kan ṣe le ju òmíràn lọ); kò sí etí tó lè mọ̀ ọ́n. Ojú ìdákẹ́ ló mú bí abẹ, òun náà sì lèèyàn torí rẹ̀ ra òrùka, kó lè fi pa ariwo tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Bí òrùka bá fi digíríì 1 yẹ̀ kúrò lójú ìdákẹ́, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pa ṣì fi dB 35 rẹlẹ̀ sí ibi tó ti le jù. Ní digíríì 2, ó di dB 29. Ní digíríì 5, dB 21. Ní digíríì 10, dB 15 péré ló kù. Ọ̀pá tó bá gba òrùka láyè láti fì ní digíríì 5 nínú afẹ́fẹ́ ti kó dB 14 lọ lára yín, ì báà ga tó ilé alájà mẹ́ta.

Kí ni gíga ń ṣe gan-an?

Ní 1 MHz, tó jẹ́ nǹkan bí àárín mídíọ̀mù wéèfù, gígùn ìgbì kan jẹ́ mítà 300. Òrùka tí àárín rẹ̀ wà ní mítà 1.5 wà ní ìdá kan nínú 200 ìgbì náà; ẹ gbé e dé mítà 3, ó di ìdá kan nínú 100. Lójú ìgbì, kò tíì kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ kò sì bá a jà, nítorí òrùka tó dúró ṣánṣán ń gba apá ìgbì tó jẹ́ ti mágínẹ́ẹ̀tì, apá yìí sì máa ń nà gbalaja lórí ilẹ̀ láìkú. Wáyà gígùn tí wọ́n nà sórí ilẹ̀ ló ń jìyà bó bá sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí òrùka tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 1 lọ fi lè gbọ́ mídíọ̀mù wéèfù bí èyí tó wà lórí òpó gíga.

Lórí fíríkúẹ́ńsì tó ga ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 28 MHz, ìgbì kan kò ju mítà 10.7 lọ, nítorí náà mítà 3 ti lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ìgbì, gíga sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí igun tí òrùka fi ń gbọ́ padà. Ṣùgbọ́n kí inú yín má tíì dùn. Àyíká òrùka mítà 1 jẹ́ mítà 3.14, iye yìí sì dé ìdá kan nínú 10 ìgbì ní nǹkan bí 9.5 MHz. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń kọjá ibẹ̀ lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìdákẹ́ á máa kún. Níbi tí gíga ti ń wúlò, ìdarí òrùka fúnra rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ariwo nílé ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ṣájà fóònù, bọ́ọ̀bù LED, ínfátà sólà, gbogbo wọn ló ń tú ariwo mágínẹ́ẹ̀tì sí àyíká wọn. Nítòsí irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, ariwo á di ìdá kan nínú 8, ìyẹn ni pé dB 18 ti lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ọjà. Ká ní ohun tó ń pariwo wà nísàlẹ̀ ògiri, òrùka sì jìnnà sí ògiri ní mítà 3, àárín rẹ̀ wà ní mítà 1.5. Ẹ gbé e sókè dé mítà 3: ariwo dín ní dB 6. Ẹ fi sílẹ̀ ní mítà 1.5, kẹ́ ẹ sún un jìnnà sí ògiri dé mítà 6: dB 16. Ẹ sún un dé mítà 9: dB 26. Kébù mítà 6 sí i ṣe ohun tí ọ̀pá kò lè ṣe.

Bí ohun tó ń pariwo bá sì wà lókè ńkọ́, bíi wáyà inú àjà tó wà ní mítà 3? Nígbà náà, gbígbé òrùka láti mítà 1.5 dé mítà 3 á mú un sún mọ́ ariwo, ariwo á sì fi nǹkan bí dB 3 lé. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo pé "mo gbé e sókè, ó tún burú sí i" ni irú èyí ń ṣe.

Ohun tí gíga ń bà jẹ́

Kébù tó sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí òrùka jẹ́ wáyà tó dúró ṣánṣán, wáyà tó dúró ṣánṣán sì jẹ́ áńténà. Ara kébù lóde ń gbọ́ láti gbogbo ìhà, ohun tó bá gbọ́ sì ń yọ́ wọnú ańpílífáyà. Bí ẹ bá sọ gíga di ìlọ́po méjì, foltéèjì tí wáyà kúkúrú yìí ń kó á di ìlọ́po méjì, iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ sì lè sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Òrùka fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kébù nìkan ló lágbára sí i, òun ló sì ń kún ojú ìdákẹ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ rọrùn láti rí. Ojú ìdákẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní digíríì 180, kí wọ́n sì jinlẹ̀ bákan náà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan ní digíríì 40, tí èkejì sì wà ní 205 dípò 220, kébù ti dá sí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wà ní 180 síra ṣùgbọ́n tí méjèèjì ò jinlẹ̀, ẹ ṣì fura sí kébù kan náà. Àwọn tó ń fi òrùka wá ibi tí ọkọ̀ òkun wà láyé ọjọ́un mọ̀ọ́mọ̀ so wáyà ìdúró mọ́ òrùka kí wọ́n lè mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ń ṣe é láìmọ̀.

Fẹ́ráìtì, ohun dúdú líle tí kì í jẹ́ kí ariwo gba ara kébù kọjá, ni oògùn rẹ̀. Ẹ mú òrùka fẹ́ráìtì tó fẹ̀ ní mm 61, irú 31, kẹ́ ẹ wé kébù tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká ní ìgbà 10 sí 12. Fún mídíọ̀mù wéèfù àti fíríkúẹ́ńsì tó rẹlẹ̀ jù ú lọ, irú 75 ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ańpílífáyà gan-an, ọ̀kan níbi tí kébù ti kan ilẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu ibi tó ti ń wọ ilé. Bí owó bá gba ẹyọ kan péré, ẹ fi ti òkè ṣe. Kí kébù sọ̀ kalẹ̀ ní tààrà láti àárín ìsàlẹ̀ òrùka, kó rìn mọ́ ọ̀pá, kí ó má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ kan fò lọ sí fèrèsé. Kébù tó ba ẹ̀gbẹ́ kan lọ ń mú kí apá òtún àti apá òsì òrùka má ṣe dọ́gba mọ́, kò sì sí fẹ́ráìtì tó lè tún ìyẹn ṣe pátápátá.

Ọ̀pá fáíbà

Ó fúyẹ́, kò ní irin kankan nínú, kò sì bá òrùka du nǹkan kan. Ìpín rẹ̀ ń jáde láti inú ara wọn, èèyàn á fà wọ́n títí wọ́n á fi há. Híhá yìí nìkan ló gbé e dúró, ibẹ̀ sì ni àbùkù rẹ̀ wà. Òòrùn á mú un gbòòrò, òjò á yọ́ wọ ojú ìsopọ̀, ìwuwo òrùka á máa tì í láti òkè, títí ìpín kan á fi yọ̀ wọnú èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní kọ́kọ́ kìlọ̀. Wọ́n máa ń rò pé afẹ́fẹ́ ló wó o, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ni kò di ara rẹ̀ mú.

Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ yọ ìpín mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lókè, ẹ má fi wọ́n gbé nǹkan kan. Ẹ wé téèpù oníná yí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá fi kílípù irin tí wọ́n fi ń di páìpù omi fún un lé téèpù lórí. Ẹ má fún un ju bó ṣe yẹ lọ: bí wọ́n bá fún fáíbà jù, kì í tẹ̀ wọnú bí irin, gígùn ló ń là. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ó dún "pẹ́", ìpín yẹn ti lọ.

Síbẹ̀ kílípù ò ní dá yíyí dúró tán. Afẹ́fẹ́ ń ti òrùka bí ìlẹ̀kùn, ojú ìsopọ̀ márùn-ún sì wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè fi díẹ̀ yẹ̀. Fún òrùka tó ń dojú kọ ibì kan, a kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn wà tó dára fún, a ó dé ibẹ̀.

Ọ̀pá alumíníọ̀mù tí wọ́n ń lọ́, àti èyí oníkílípù

Irú tí wọ́n ń lọ́ ní ohun kékeré kan nínú tó ń gbòòrò bẹ́ ẹ bá ti yí ìpín òkè. Ó dáa nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí yanrìn bá ti wọ inú rẹ̀, á máa yí lófo láìháa. Ẹ lè tú u, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi ọṣẹ, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má kun gírísì sí i, torí fífi ara gbo ara ló fi ń dúró. Àléébù tó wá burú jù ni pé yíyí gan-an ni ó fi ń tì, nígbà tó jẹ́ pé yíyí ni òrùka kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ ń tì í, ẹ ń ba ìdojúkọ rẹ̀ jẹ́ nígbà kan náà.

Oníkílípù sàn. Ìdè kan ń fún páìpù láti ìta, ṣíkúrù kékeré kan sì wà tẹ́ ẹ lè fi sọ bó ṣe máa fún tó. Ẹ yí ṣíkúrù yẹn ní ìdá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ tó tún yí i. Ẹni tó bá fún un tán lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣẹ́ ọwọ́ rọ́bà rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ fà á yọ tán, kí ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ìpín òkè bí ẹni ń fún aṣọ. Bó bá yí lọ́wọ́ yín, á yí lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Kò ní àmì kankan tó ń sọ ibi tí ìpín òkè dojú kọ. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ gbogbo ìpín nígbà tí ọ̀pá wà ní títì dáadáa. Bẹ́ ẹ bá yí gíga padà, ẹ to ìlà náà mọ́ra kẹ́ ẹ tó tẹ kílípù. Ọ̀pá yìí la lè gbà fún ẹni tó ń gbé òrùka jáde tó sì ń kó o wọlé lójoojúmọ́.

Ọ̀pá oníhò

Òun ló gbapò kìíní, bó tilẹ̀ rí gààkà. Ihò wà lára rẹ̀ ní ìpele ìpele, nítorí náà ẹ kò lè yan gíga tó bá wù yín gan-an. Ẹ ó yan èyí tí ihò gbà. Kò burú, a ti rí i pé sẹ̀ǹtímítà 10 kò jẹ́ nǹkan kan lójú ìgbì. Ohun tó ń fúnni ni pé píìnì tó gba inú ihò méjèèjì kọjá kì í jẹ́ kí ìpín kankan yí. Bẹ́ ẹ bá gbé e sókè, ìdojúkọ á tẹ̀ lé e lọ bó ṣe wà.

Kò péye pátápátá. Ẹ gbé píìnì mm 6 sínú ihò mm 6.5 lára páìpù tó fẹ̀ ní mm 40: àyè mm 0.5 yẹn, ní mm 20 sí àárín, jẹ́ nǹkan bí digíríì 1.4. Ẹ padà sí ìṣirò òkè, ẹ ó rí i pé ó ṣì ń fi yín sílẹ̀ ní nǹkan bí dB 32, èyí tó ju ohun tí ọ̀pọ̀ òrùka máa ń ṣe nínú ayé gidi lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àyè náà kú, ẹ lu ihò kan sára ìpín ìta, kẹ́ ẹ fi bóòtù tẹ ìpín inú mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn tún ń pa kíkùn gbọ̀ngbọ̀ngbọ̀n tó máa ń ṣe lálẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò sí nínú ìwé ìlò ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tẹ́ ẹ bá yọ píìnì, ìpín òkè wà lọ́wọ́ yín pátápátá, pẹ̀lú òrùka lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe ki ìka bọ ihò láti wò ó bóyá ti inú ti ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìta. Bí páìpù bá yọ̀ lásìkò yẹn, bíi sísọ́ọ̀sì ló máa ṣe sí ìka. Ẹ fi ìṣó tàbí píìnì kejì wá ihò.

Ohun tó kan ọ̀pá irin méjèèjì: ẹ má jẹ́ kí òrùka fara kan wọn. Páìpù PVC bíi sẹ̀ǹtímítà 50 láàárín orí ọ̀pá àti ìdí òrùka tó. Ẹ lu ihò mm 5 sí ìdí ọ̀pá kí omi lè máa jò jáde, kẹ́ ẹ sì kun gírísì sójú bóòtù irin tó bá kan alumíníọ̀mù, nítorí irin àti alumíníọ̀mù tí omi oníyọ̀ bá pàdé láàárín wọn á jẹ ara wọn títí nọ́ọ̀tì ò fi ní tú mọ́.

Ẹsẹ̀ àti afẹ́fẹ́

Páìpù mm 25 tó yípo mítà 1 ń fi nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 0.08 kọjú sí afẹ́fẹ́. Nínú afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan, agbára tó ń tì í tó Newton 23. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ gíga ń sọ ọ́ di ńlá. Iga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (ohun tí ọ̀pá dúró lé) tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 60 kì í ṣubú lórí ẹsẹ̀. Ó ń ṣubú láàárín ẹsẹ̀ méjì, ibi tó jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 30 péré. Nítorí náà, bí àárín òrùka bá wà ní mítà 1.5, àti iga àti ẹrù ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó kg 12 kó má bàa dà. Ní mítà 3, kg 23. A kò sì tíì ka afẹ́fẹ́ tó ń ti ọ̀pá fúnra rẹ̀. Àpò yẹ̀pẹ̀ méjì nídìí iga ló máa yanjú ti àkọ́kọ́. Fún èkejì, ẹ ta okùn mẹ́ta sílẹ̀ yí ká, okùn tí kò ní irin nínú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá gíga tó bá ibi yín mu

Ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ ṣe é, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mídíọ̀mù wéèfù tí kò jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 100 lọ. Lálẹ́, ìgbì ń ti òkè ọ̀run bọ̀ wálẹ̀ ní igun tó ń yí padà, ó sì ń bọ́ sínú apá òrùka tó wà ní gbalaja, ojú ìdákẹ́ á máa rìn kiri. Ìṣòro yìí ni Frank Adcock ń sá fún nígbà tó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí áńténà tirẹ̀ tí kò ní apá gbalaja lọ́dún 1919. Ẹ̀yin kò ní láti kọ́ ti Adcock. Ẹ kàn dúró de ọ̀sán.

Ẹ pa AGC rédíò (ohun tó ń mú kí ohùn máa dọ́gba fúnra rẹ̀), tàbí kẹ́ ẹ lo SDR, rédíò tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tó ń fi dBm hàn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára tó ń wọlé ṣe tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀ òrùka ní mítà 1 sí ilẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta lẹ máa kọ sílẹ̀: bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe le tó lójú ìgbọ́, bó ṣe le tó lójú ìdákẹ́, àti bí ariwo ṣe tó lórí fíríkúẹ́ńsì tó ṣófo nítòsí rẹ̀. Ẹ gbé e sókè ní sẹ̀ǹtímítà 50, ẹ tún kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ dé mítà 3.5. Ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà sí mítà 1, kẹ́ ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí nọ́ńbà ìkẹyìn kò bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹnì kan ti tan nǹkan tàbí pa nǹkan láàárín kan, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ kò wúlò.

Ẹ má wo bí ohùn ṣe le tó nìkan. Bó bá wá láti -60 sí -57 bẹ́ ẹ ṣe gbé e sókè, tí ariwo sì lọ láti -95 sí -89, ẹ ti pàdánù dB 3, bó tilẹ̀ dà bíi pé rédíò ń sọ̀rọ̀ sókè sí i. Àlàfo tó wà láàárín ohùn àti ariwo ni kẹ́ ẹ fi yan gíga. Bí ìyàtọ̀ láàárín gíga méjì kò bá ju dB 1 lọ, ẹ yan èyí tó rẹlẹ̀, ẹ ó sùn dáadáa nígbà tí ìjì bá ń jà. Ẹ tún un ṣe ní nǹkan bí 7 MHz àti 21 MHz bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ shọ́ọ̀tì wéèfù, torí ohun tó tọ́ fún ọ̀kan lè má tọ́ fún èkejì.

Bí ojú ìdákẹ́ kò bá jinlẹ̀ tó dB 25 ní ọ̀sán, ẹ má tíì fọwọ́ kan gíga. Fẹ́ráìtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà òrùlé páànù, gọ́tà tàbí ọgbà onírin tó bá wà láàárín mítà 2 sí òrùka. Páànù tó sún mọ́ òrùka ń gba ìgbì, ó sì ń tún un tú sí òrùka láti ìhà mìíràn. Níbi irú èyí nìkan ni gíga ti lè ṣiṣẹ́ ìyanu: bí òrùka bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé páànù, ẹ gbé e kọjá orí rẹ̀ ní mítà 2, tàbí kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jìnnà sí i. Kó má ṣe wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú etí páànù.

Ẹ wo bí ọ̀pá ṣe dúró pẹ̀lú. Ọ̀pá tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á jẹ́ kí òrùka dùbúlẹ̀ díẹ̀ ní ìdojúkọ kan, kó dìde ní òmíràn, ohun tẹ́ ẹ wọ̀n ní ìlà-oòrùn kò sì ní ṣeé fi wé ti àríwá. Bó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí òrùka dùbúlẹ̀ láti pa ìgbì tó ń ti òkè bọ̀ lálẹ́, ẹ fi ìdè tó ń tẹ̀ sáàárín òrùka àti ọ̀pá, kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán.

Fún àwọn tí òrùka tiwọn jẹ́ wáyà ńlá

Ohun tá a ti ń sọ kò kan áńténà onwáyà tí wọ́n ń pè ní K9AY, èyí tí Gary Breed kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn QST lọ́dún 1997. Nǹkan bí mítà 26 wáyà ni òrùka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ wà ní nǹkan bí mítà 7.6, ilẹ̀ sì jẹ́ apá kan rẹ̀, pẹ̀lú irin tí wọ́n gún wọlẹ̀ àti résísítọ̀ lópin. Bẹ́ ẹ bá rẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ láìgé wáyà, ojú rẹ̀ á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, résísítọ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́ á sì yàtọ̀. Gíga tibẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣeré. Ẹ yí i, kẹ́ ẹ tún résísítọ̀ wá látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ó máa wò bó ṣe ń rì.

Áńténà onwáyà mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Flag, rọrùn jù ú lọ, torí kò ní irin nínú ilẹ̀; résísítọ̀ tó sún mọ́ ohm 1000 wà lára wáyà rẹ̀ lápá kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bí mítà 2. Ibí yìí ni ọ̀pá fáíbà ti gba oríire rẹ̀. Méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kan, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Kò sí òrùka tó wúwo láti gbé, kò sì sí ohun tó fẹ́ yí. Ẹ fi téèpù àti kílípù di ojú ìsopọ̀ wọn bá a ṣe sọ lókè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ díẹ̀, torí fáíbà ń tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ àti wáyà tí wọ́n fà le ló máa kọ́kọ́ já.